Àwo Orin Tí Mo Fi Ẹnu Tẹ̀

Ẹ bá mi pa ẹ̀rọ yẹn ná. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo, kí ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ èmi dípò orin. Mo mọ̀ pé ọ̀sán Àìkú ni, mo sì mọ̀ pé orin lẹ bá wá sílé mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi yìí ti pẹ́ jù níbẹ̀, ó ti di egbò tó ń kẹ̀ sínú. Eruku kùsà ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró mi tán, dókítà pàápàá kò fi bò fún mi mọ́. Síbẹ̀, kì í ṣe ikú ló lé mi dé ibi tí mo dé yìí. Chisha ni. Chisha, ọmọ Evaristo Sampa, ìwọ tí o jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn, ọ̀rọ̀ tí o sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá kò jẹ́ kí n rí oúnjẹ gbé mì. O ní o ti gba ìwé ìrìnnà. O ní Kolwezi, ní òdìkejì ààlà, lò ń lọ, láti lọ wá àwo tí bàbá rẹ ń wá títí ọlọ́jọ́ fi dé. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún ọ. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ẹ wo irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀! Àwo náà kò sí, Chisha. Kò fìgbà kan sí rí. Èmi Pascal Kabaso ni mo fi ẹnu ara mi ṣe é.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kó àwo jọ lónìí kò mọ Evaristo. Ìdí iná iléru ló ti ń ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà, ṣùgbọ́n ọ̀sán Àìkú la fi ń mọ irú ènìyàn tó jẹ́. Bí a bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, abẹ́ igi máńgòrò ilé rẹ̀ ní àdúgbò Chiwempala níbí là ń pàdé sí. Yóò gbé rẹ́díógíráàmù rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó rẹ̀ á gbé ohun mímu munkoyo tútù wá, kálukú á sì yọ àwo tó fẹ́ kí àwọn yòókù gbọ́. Evaristo kì í dá orin tó dùn gbọ́. Bó bá rí tuntun, á sáré la gbogbo àdúgbò já wá bá ọ pẹ̀lú òógùn lójú, á di ọrùn ọwọ́ rẹ mú: "Dúró, dúró, ibi tó ń bọ̀ yìí ni kó o gbọ́. Ó ń bọ̀ o... òun nìyẹn! Ṣé o gbọ́ nǹkan tí ọmọ ènìyàn ṣe?" Á yọ àwo náà nínú ẹ̀rọ, á tì í bọ inú páálí rẹ̀, á gbé e lé ọ lọ́wọ́. "Mú un lọ. O ò gbọdọ̀ dá a padà títí wàá fi mọ̀ ọ́n lórí."

Lackson Nkole ni igi lẹ́yìn ọgbà rẹ̀. Nkole wá láti ìran ọ̀nì, Evaristo láti ìran ẹja, nítorí náà èébú àwàdà tí àṣà gbà láyè kì í tán láàárín wọn. "Ẹja lásán-làsàn, màá fi ọ́ jẹ òkèlè nshima lónìí!" "Ọ̀nì tí kò léyín, kí lo fẹ́ fi jẹ mí?" Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe, àwọn obìnrin á máa rẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná. Èmi ńkọ́? Bí mo bá gbé àwo tèmi sí i, àwọn ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í yán. "Kabaso," Nkole á wí, "ṣé orin nìyí, àbí ìkéde òkú ni wọ́n ń ṣe lórí rédíò?" Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín, àfi Evaristo. Òun á ní, "Ẹ jẹ́ ó parí ná. Bóyá ìparí rẹ̀ dára." Àánú mi tó ń ṣe é yẹn ló ń bí mi nínú ju ẹ̀rín wọn lọ. Ẹni tó gbèjà mi nìkan ni mo yà sọ́tọ̀ láti kórìíra. Irú ènìyàn tí mo jẹ́ nìyẹn, ẹ jẹ́ kó yé yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní Àìkú kan, wọ́n pa orin mi kó tó dé ìdajì. Mo húkọ́, mo ní, "Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo lọ sin àbúrò ìyá mi ní Kolwezi, mo gbọ́ àwo kan nílé aránṣọ kan." Mo ní orúkọ ẹgbẹ́ olórin náà ni Mwela wa Lufira. Mo ní páálí rẹ̀ dúdú, kò ní àwòrán kankan. Mo ní ìka ọwọ́ òsì ẹni tó ń ta gìtá wọn kò pé, ohun tí kò ní lọ́wọ́ yẹn lèèyàn sì ń gbọ́ nínú orin rẹ̀. Mo ní bí orin bá kù díẹ̀ kó parí, gbogbo ohun èlò á dákẹ́, obìnrin kan á wá máa kùn láìsọ ọ̀rọ̀, bí ìyá tó ń rẹ ọmọ tí kò ní jí mọ́. Ẹnu mi kàn ń lọ ni. Òótọ́ kan ṣoṣo tó wà nínú gbogbo rẹ̀ ni òkú tí mo lọ sin.

Evaristo dìde, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi. "Kabaso," ó ní, "jọ̀ọ́, bá mi kùn ún." Mo kùn nǹkan kan tó wá sí mi lọ́fun. Ó dijú, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Nkole kò lè fara mọ́ ọn pé ohun kan wà tí òun kò mọ̀. Ó fọwọ́ gbá itan, ó ní, "Hà, àwo yẹn! Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Luanshya ní ọ̀kan kí olè tó jí i lọ." Mo wò ó, ó wò mí. Olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. Láti ọjọ́ náà la ti so ara wa pọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè dá tú okùn náà.

Evaristo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwo náà. Ó bi àwọn oníṣòwò tó ń ti ẹnu ààlà Kasumbalesa wọlé, ó bi àwọn awakọ̀ akẹ́rù, ó bi àwọn olórin tó ń ṣeré nílé ọtí. Bí kò bá rí i, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. "Tún un kùn, Kabaso. Ṣé ohùn obìnrin yẹn lọ sókè níbẹ̀ ni, àbí ó wálẹ̀?" Màá sì dá a lóhùn bí olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù nínú rẹ̀: ó dùn mọ́ mi. Àga tí wọ́n ń gbé fún mi lábẹ́ igi yẹn yí padà, ẹnikẹ́ni kò sì tún pa orin mi mọ́ kó tó parí. Nígbà tó lọ sí Lubumbashi tí kò rí i, àwo mìíràn ló rà bọ̀, ó gbé èyí tó dára jù nínú wọn fún mi. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Ìwọ lo fún mi ní èyí tó tóbi jù lọ." Mo gbà á. Mo tún sọ pé ó ṣeun.

Nkole wá bá mi níbi iṣẹ́. Ó wo ẹ̀yìn wò, ó ní, "Kabaso, ṣé o tiẹ̀ gbọ́ àwo yìí rí?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ní Luanshya ńkọ́, kí lorúkọ rẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Evaristo ń múra Kolwezi báyìí o. Ṣé kí a sọ fún un?" Mo ní, "Sọ fún un. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ ni kó ti kọ́kọ́ jáde." Ó rọra lọ.

Ìyá rẹ gan-an wá, Chisha. Ìwọ lo wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi àti Nkole ń jẹ nshima àti ẹja kapenta wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ nígbà tó wọlé, tó kúnlẹ̀, tó rọra pàtẹ́wọ́ kí wa, tó sì fi "Ba" ọ̀wọ̀ pè mí. "Ba Kabaso, ẹ má bínú pé mo ká yín mọ́ ìdí oúnjẹ. Bàbá Chisha ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́, Kolwezi ló ń lọ. Lọ́dún tó kọjá yìí ni ogun jà lọ́nà ibẹ̀, wọ́n sì ní àwọn ọlọ́tẹ̀ kò tíì jìnnà. Mo ti sunkún, mo ti bínú, kò gbọ́. Tiyín nìkan ló lè gbọ́. Bí iyèméjì bá wà nínú ọ̀rọ̀ àwo yẹn, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́. Bí ẹ bá rò pé yóò bá yín jà, èmi ni kí ẹ sọ fún, màá gbé ẹ̀bi rẹ̀ lé orí ara mi." Ẹ gbọ́! Ó ní òun á gbé ẹ̀bi mi. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu fún mi níbẹ̀ yẹn. Nkole ti dáwọ́ oúnjẹ dúró, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n sọ ọ́. Àbí ó ń bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ́ ni? N kò mọ̀ títí dòní. Mo ro ẹ̀rín abẹ́ igi máńgòrò. Mo ro àga mi. Mo ní, "Ìyá Chisha, mo fi ibojì ìyá mi búra, àwo náà wà." Ó dìde, ó tún ọ pọ̀n dáadáa, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ.

Kí Evaristo tó lọ, ó béèrè ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Mo lè sọ pé mo ti gbàgbé. Dípò bẹ́ẹ̀, mo bí ènìyàn kan fún un. "Bí o bá dé àdúgbò Manika níbẹ̀, béèrè Mukalay, aránṣọ, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì." Ó gbá mi mọ́ra. "Bí mo bá rí i, ọ̀dọ̀ rẹ la ó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ." Mukalay! N kò mọ Mukalay kankan láyé yìí.

Ẹ̀yin tó dàgbà mọ ìyókù, ogun wọ Kolwezi. Ngosa, oníṣòwò aṣọ tí wọ́n jọ wà níbẹ̀, ló mú ìròyìn wálé, orí ẹní ọ̀fọ̀ ló sì ti sọ ọ́ fún wa. "Gbogbo wa ti wà nínú ọkọ̀, ìbọn ti ń dún lọ́nà pápá ọkọ̀ òfuurufú. Mo pè é: 'Sampa, wọlé ká lọ!' Ó ní, 'Láti ìjẹta ni mo ti ń wá aránṣọ yìí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ júwe ọ̀kan fún mi ní òpópónà kejì. Ẹ dúró dè mí díẹ̀.' Ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin èèyàn mi. A dúró, a fọn fèrè títí, awakọ̀ ní kò ṣeé ṣe mọ́. Bí a ṣe ń yí kọ́nà ni mo rí i, ó dojú délẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé kan, ẹ̀rọ ìránṣọ wà lábẹ́ àtíbàbà níbẹ̀." Ìyá Chisha kò sunkún. Ó gbójú sókè láàárín àwọn obìnrin, ó wá mi rí. "Ba Kabaso, ṣé ilé Mukalay nìyẹn? Ṣé ó débẹ̀ kó tó kú?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ó débẹ̀." Ó mí kanlẹ̀, ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Èmi ni mo sunkún jù lọ́jọ́ náà, àwọn ènìyàn ní kò sí ọ̀rẹ́ bí Kabaso.

Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù? Ó ku ọ̀kan. Nígbà tí àìsàn dá Nkole dùbúlẹ̀ ní ọsibítù, tí ikùn rẹ̀ wú, ó di aṣọ mi mú. "Lọ pe Ìyá Chisha wá fún mi. Mi ò lè gbé nǹkan yìí lọ bá Evaristo. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó?" Mo jáde. Ìyá Chisha wà nínú ọgbà, ó jókòó pẹ̀lú àwọn obìnrin yòókù, abọ́ ẹ̀kọ tó gbé wá fún aláìsàn wà lórí itan rẹ̀. Ó rí mi, ó dìde. "Ṣé ó ń pè mí ni?" Mo ní, "Rárá o. Ó ti sùn. Ẹ máa lọ sílé, ẹ ti ṣe dáadáa." Mo dúró títí ó fi kọjá ẹnu géètì. Mo padà wọlé, mo sọ fún Nkole pé a kò bá a nílé. Ó ní, "A ó dúró dè é. Bóyá ó ń bọ̀." Ẹnu ilẹ̀kùn yẹn ló ń wò títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Mo já ìjẹ́wọ́ gbà lẹ́nu ẹni tó ń kú lọ, mo sì já òtítọ́ gbà lọ́wọ́ opó, nítorí àga kan lábẹ́ igi. Ìyá rẹ náà ti sùn báyìí, Chisha, irọ́ mi ló sì fi sílẹ̀ fún ọ bí ogún.

Dúró, má tíì dìde. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má dì í mú, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tiyín: ohun tí etí yín kò bá gbọ́, ẹ má fi ẹnu yín yìn ín. Ẹni tó fẹ́ràn orin yóò gbà yín gbọ́, yóò sì lọ. Chisha, mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìdáríjì, síbẹ̀ mo tọrọ rẹ̀, bí kò bá ṣe lónìí, kó jẹ́ lórí sàréè mi. Bí o bá wá fẹ́ lọ sí Kolwezi, lọ. Ṣùgbọ́n má béèrè àwo, má sì béèrè Mukalay lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Béèrè ibi tí wọ́n sin àwọn àlejò sí lọ́dún ogun yẹn, àwọn tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn. Bàbá rẹ wà níbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún ọ pé ó wà ní Kolwezi, òun nìkan ló wà níbẹ̀ lóòótọ́.