Èrò Tí Mo Bá Pàdé Nígbà Tí Mo Jókòó Jẹ́ẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó ti rẹ̀ mí. Kì í ṣe àárẹ̀ iṣẹ́ tí ènìyàn ń sùn tí ó fi ń lọ ni mo ń wí o. Èyí ti wọ egungun. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa wá láti Àjàṣẹ́ gbé ìyá wa kúrò lọ́dọ̀ mi. Ó ní mi ò yẹ lẹ́ni tí à ń fi ìyá sí lọ́wọ́. Ohun tó wá ń dẹ́rù bà mí ni pé nígbà tó sọ ọ́, inú mi dùn. Irú ọmọ wo ni èmi gan-an?

Pobè ni mò ń gbé. Ọkọ mi ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí sì ń kàwé ní Kútọnu. Gàrí ni mò ń tà. Bí ọjọ́ ọjà Sakété bá pé, aládùúgbò mi á bá mi jókòó ti Màmá títí n ó fi dé. Ọmọ Igana ni Màmá, àgbẹ̀ pọ́ńbélé, obìnrin tó gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo títí ó fi tọ́ wa yanjú. Ṣùgbọ́n iyè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Ó kọ́kọ́ gbàgbé ìkòkò lórí iná, lẹ́yìn náà ó gbàgbé ọ̀nà oko, nígbà tó yá ó gbàgbé èmi. Á wò mí lójú, á ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ta ló bí ọ ná?" Èmi á ní, "Ẹ̀yin ni, Màmá." Á rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n parọ́ fún. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni, mo sì fi gbogbo ara fún un ní ọmú náà. Mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, mo ń fọ aṣọ tó bá tọ̀ sí. Ìgbà mìíràn á gbá mi létí, á ní olè ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Á tẹ̀ mí láago lórí pọ́tábù, á ní, "Ṣé ara Màmá le?" Ó tán.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà títí di ọjọ́ tí àyà mi já lójijì lọ́jà Sakété. Ó ń lù kìkì bí ẹni tí wọ́n ń lé, èémí mi ò délẹ̀, mo sì ṣubú lu àpò gàrí. Wọ́n fi alùpùpù gbé mi dé ilé ìwòsàn. Dókítà obìnrin kan wọn tẹ́ńṣọ̀n mi, bí ẹ̀jẹ̀ mi ṣe ń ru sí, ó fún mi lóògùn, ó wá fi ọwọ́ lérí tábìlì. Ó ní, "Ìyá, ìgbà wo lẹ jókòó kẹ́yìn láìṣe nǹkan kan?" Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bọ́. Ó ní kí n máa jókòó díẹ̀ láràárọ̀, kí n pa ojú dé, kí n máa kíyè sí èémí mi bó ṣe ń wọlé tó ń jáde. Bí ọkàn mi bá sá lọ, kí n má bá a jà, kí n kàn mú un padà wálé. Mo bi í pé ṣé àdúrà ni. Ó ní, "Rárá o. Ẹ gba àdúrà yín lẹ́yìn rẹ̀. Èyí, kí ẹ kàn wà níbi tí ẹ wà ni."

Ọ̀rọ̀ tó rọrùn létí! Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí Màmá mu ẹ̀kọ rẹ̀ tán, mo tẹ́ ẹní sẹ́yìn ilé, mo pa ojú dé. Mi ò tíì mí dáadáa tí mo fi rántí ẹ̀gẹ́ tí mi ò tíì rin. Imú ń yún mi. Èèrà bù mí jẹ. Lọ́jọ́ mìíràn mo sùn lọ fọnfọn, ìgbà tí mo hanrun ni mo jí. Mo padà lọ bá dókítà, mo ní mi ò mọ̀ ọ́n ṣe, ọkàn mi ò dúró. Ó ní, "Ìgbà tí ẹ bá mọ̀ pé ó ti lọ, ìgbà yẹn gan-an lẹ ń ṣe é." Mo ń bá a lọ. Díẹ̀díẹ̀, mo ń rí ìsinmi bíńtín. Mo ń gbọ́ àdàbà, mo ń gbọ́ ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti Onigbolo bọ̀, mi ò sì sáré tẹ̀ lé èyíkéyìí. Èjìká mi rọ̀. Lọ́jà, àwọn ènìyàn ń sọ pé ojú mi mọ́.

Ṣùgbọ́n omi tó bá tòrò ni a ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí ọkàn mi pa rọ́rọ́, èrò kan jáde wá, ó dúró níwájú mi bí àlejò: mo fẹ́ kí ìyá mi kú. Áà! Mo la ojú. Mo bú sẹ́kún. Mo wá mọ̀ pé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó ti pẹ́ tó ti ń bá mi gbé, iṣẹ́ ni mo fi ń sá fún un. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mi ò jókòó mọ́. Àyà tún bẹ̀rẹ̀ sí í já mi, ni mo bá padà sórí ẹní, mo ń jókòó pẹ̀lú èrò náà, mi ò lé e, mi ò sì gbà á lálejò.

Ibẹ̀ ni mo wà lọ́jọ́ kan tí Màmá rọra wá jókòó tì mí, ó sì pa ojú tirẹ̀ náà dé. Ó ní, "Ta lò ń dúró dè?" Mo ní, "Mi ò dúró de ẹnikẹ́ni, Màmá." Ó ní, "Èmi náà." Láti ọjọ́ yẹn, a jọ ń jókòó. Kò gbá mi létí níbẹ̀ rí.

Báyìí ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe yọ sí wa láìròtẹ́lẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó bá àwa méjèèjì níbi tí a ti pa ojú dé, ó kígbe, "Ẹgbẹ́ wo lo mú ìyá mi wọ?" Mo ní, "Fòfó, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé." Kò gbọ́. Ó ní àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń fi orí àgbà rúbọ. Màmá ń gbọ̀n. Gbogbo àárẹ̀ mi sì yí padà di ìbínú, mo ní, "Ẹ fẹ́ mọ ohun tí mò ń rí bí mo bá pa ojú dé? Mo rí i pé mo fẹ́ kó kú, kí n lè sùn!" Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀, ó ti fọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí bí ẹni tí ò mọ̀ mí rí. Ó ní, "Lọ́jọ́ Ìsinmi, mò ń bọ̀ wá gbé e."

Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin ará. Àfi ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, tí Màmá fúnra rẹ̀ ń tẹ́ ẹní. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́, òun náà ń ṣiṣẹ́. Inú yàrá ni wọ́n máa ti ìyá mi mọ́, mo mọ̀. Bí mo bá ní kó má gbé e lọ, ṣé ìfẹ́ ni àbí ìtìjú? Bí mo bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ṣé ìsinmi tí mò ń wá nìyẹn, àbí èrò búburú yẹn ló ti borí? Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú òbí tó ra níyè, tí ẹ kò purọ́ fún ara yín, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kí ni kí n sọ fún un bó bá kan ilẹ̀kùn?