Bí Mo Ṣe Tún Kọrin Pẹ̀lú Sìdí

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́, kí ẹkún tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. O ṣé, Bàbá!

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ orin ni mò ń ṣe, nínú ẹgbẹ́ akọrin kan ní Marina. Èmi àti Sìdí, àbúrò mi, la jọ wà níbẹ̀. Òun ló ń kọ ohùn òkè, èmi ni mò ń gbè é lábẹ́. Ilé Mùsùlùmí ní Ìta Fàájì la ti wá, ṣùgbọ́n Àlhájà, màmá wa, ò bá wa jà rí. Wọ́n á ní, "Ẹ ṣáà máa kọ ọ́ dáadáa."

Àìsàn ráńpẹ́ ló mú Sìdí lọ. Ọjọ́ tó kú gan-an ni wọ́n sin ín, bí Mùsùlùmí ṣe ń ṣe. Wọn ò jẹ́ kí n débẹ̀ o, torí àgbà kì í rí sàréè àbúrò. Inú yàrá ni mo jókòó sí. Àtìgbà yẹn lorin ti kọ̀ fún mi. Mo lè sọ̀rọ̀, mo lè bá kọ́ńdọ́ dánfó jà, àmọ́ tí mo bá ní kí n kọrin, ọ̀fun mi á dí pa. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa lọ sí Accra, ẹnu lásán ni mò ń là lórí pèpéle. Yéè! Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, ojú ń tì mí.

Ìgbà tó yá, ọ̀gá wa pè mí. Orin kan wà nínú àwo tuntun wa tó jẹ́ ti èmi àti Sìdí nìkan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń gba ohùn sílẹ̀ ní sítúdíò, Sìdí sì ti kọ tirẹ̀ kó tó ṣàìsàn. Tèmi ló kù. Ọ̀gá ní tí n ò bá lè kọ ọ́, àwọn á pa ti Sìdí rẹ́, kí àwọn ẹlòmíì kọ ọ́. Pa á rẹ́ kẹ̀? Mo sáré wá síbí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ aládùúrà, ẹ gbàdúrà fún mi títí ohùn tiyín náà fi há.

Mo wọ sítúdíò, mo fi hẹ́dífóònù sétí. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ tí Sìdí mí. Ọmọ yẹn kì í mí jẹ́jẹ́, ọ̀gá máa ń bá a wí torí ẹ̀. Ó mí, èmi náà mí, àṣé mo ti ń kọrin! Omijé ń dà, orin ń jáde, a kọ ọ́ dópin.

Mo gbé e lọ fún Àlhájà. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ẹ̀yin méjèèjì nìyí." Wọ́n ní kí n tún gbé e sí i.

Ọlọ́run dá ohùn mi padà. Kò dá Sìdí padà, mi ò mọ̀dí, mo ṣì ń bi Í léèrè. Ṣùgbọ́n Ó jẹ́ kí n fi orin yẹn sin àbúrò mi. Ẹ dìde, ẹ bá mi jó. Tí ẹ bá rí i pé mò ń sunkún, ẹ má dúró.