Làmídì Ké "Àgò", Mo Ní Kò Ké

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun kan wà láyà mi tí kò jẹ́ kí n gbádùn oyè tí mo gbà ní yunifásítì. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbé e kiri. Ǹ bá ṣì máa gbé e lọ, ṣùgbọ́n ìwé tí irọ́ mi wà nínú rẹ̀ ti fẹ́ jáde, ẹni tó kọ ọ́ sì ń bọ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi nílé wa ní Ikosi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi.

Bàbá mi wà lára àwọn àgbà tó ń parí ìjà ní ìlà àwọn alátòmátì ní ọjà Mile 12. Bí ẹrù bá bàjẹ́, tí ọlọ́jà àti aláàárù bá ń fa ara wọn láṣọ, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ wá. Kò sẹ́ni tó ń lọ sí kóòtù. Tòmátì ta ló máa dúró de adájọ́?

Èmi ka ìwé òfin. Nígbà tí mo padà lọ gba oyè kejì ni mo pàdé Aunty Ufuoma. Olùkọ́ wa ni wọ́n. Iṣẹ́ ìwádìí wọn ni fífi ìmọ̀ ọrọ̀ ajé yẹ òfin wò. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ kíláàsì wọn, mo rò pé iye tí lọ́yà ń gbà ni wọ́n fẹ́ sọ fún wa. Àṣé mo gọ̀. Ìbéèrè wọn ni pé, bí nǹkan bá bàjẹ́, nínú gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, ta ni ì bá ti dènà rẹ̀ pẹ̀lú wàhálà tó kéré jù? Wọ́n ní ẹni yẹn ni kí òfin gbé àdánù náà lé lórí, nítorí nígbà náà ni gbogbo ayé máa ṣọ́ra lọ́jọ́ mìíràn. Orí mi wú. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu bàbá mi, mi ò mọ̀ pé èèyàn lè tú u palẹ̀ báyẹn.

Mo fẹ́ràn obìnrin yìí, mi ò lè purọ́. Nígbà kan, àwọn fúnra wọn rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ wọn tó ti jáde, àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni kò rí, wọ́n sì kọ̀wé sí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde pé kí wọ́n mú iṣẹ́ náà kúrò. Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́ fún wa. Wọ́n ní, "Ẹ̀rí tó bá ta ko ọ̀rọ̀ mi ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé wá fún mi. Èyí tó gbè mí lè dúró." Èmi tí mo gbọ́ ìyẹn ni mo wá lọ ṣe ohun tí mo ṣe.

Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ ọjà wa fún wọn. Ní ìlà wa, ẹni tó ń ti ọmọlanke gbọ́dọ̀ ké "Àgò o!" bó bá dé ibi tí èrò pọ̀ sí. Bó bá ké e, tí ẹni tó wà lọ́nà kò yà, ẹni tí kò yà ló ni àdánù. Bí kò bá ké e, òun ló ni ín. Inú Aunty dùn débi pé wọ́n dìde lórí àga. Wọ́n ní kí ni ó ná èèyàn láti ké àgò, kí ló sì náni láti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́? Wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ fojú ara àwọn rí i.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wá sọ́jà nìyẹn. Ọmọ Urhobo ni wọ́n, Yorùbá wọn kò ju "ẹ káàárọ̀" lọ, nítorí náà èmi ni ògbufọ̀ wọn. Wọ́n á dojú apẹ̀rẹ̀ dé, wọ́n á jókòó lé e láàárín ẹrẹ̀, wọ́n á máa béèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ìbéèrè bọ́. Àwọn ìyá ìlà wa ń pè wọ́n ní "Ìyàwó wa".

Lọ́jọ́ kan tí mò ń dúró dè wọ́n, mo wà nídìí ọjà Aunty Sìkí, àbúrò bàbá mi obìnrin. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n sì ti gbé tòmátì wọn yọ sí ojú ọ̀nà. Làmídì ń ti ọmọlanke àlùbọ́sà bọ̀. Ọmọ Ṣakí ni, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan báyìí. Ó ké e: "Àgò o! Mummy, àgò o!" Mo gbọ́ ọ ketekete. Èmi náà yà. Aunty Sìkí kò yà. Ọmọlanke wọ inú àwọn apẹ̀rẹ̀ náà, tòmátì di ọbẹ̀ sílẹ̀.

Aunty Ufuoma dé bí bàbá mi àti àwọn àgbà yòókù ṣe ń dá ẹjọ́ náà lọ́wọ́. Aunty Sìkí ti búra pé ẹnikẹ́ni kò ké nǹkan kan. Làmídì dọ̀bálẹ̀.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, mo ké àgò. Wọ́n wà lórí phone ni. Ẹ bi aunty yìí, wọ́n wà níbẹ̀!"

Èmi ló nawọ́ sí. Bàbá mi wò mí, wọ́n sì gbójú kúrò. Wọn kò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n ní, "Kò ké e." Wọ́n gba ọmọlanke rẹ̀ títí tó fi máa dá tòmátì padà, wọ́n sì ní kó má ti ẹrù wọ ìlà wa mọ́.

Aunty Ufuoma fọwọ́ kàn mí. Wọ́n fi èdè òyìnbó bi mí pé kí ni ọkùnrin yìí ń sọ, kí ló dé tó ń nawọ́ sí mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ àlè ní í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn nìyẹn. Mo dá wọn lóhùn pé: "Ó ní òun gbàgbé láti ké àgò. Ó ní kí n bá òun bẹ bàbá mi."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n wá fi ṣe àpẹẹrẹ tó lágbára jù nínú iṣẹ́ wọn: ọjà tí ìdájọ́ rẹ̀ kì í wojú ẹnikẹ́ni, tí ẹni tó jẹ̀bi fúnra rẹ̀ gbà pé òun jẹ̀bi. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi àti bàbá mi níbẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, mo pè wọ́n. Mo fẹ́ sọ ọ́, ẹnu mi kò gbà á, mo wá yí i po. Mo ní, "Aunty, bí adájọ́ bá jẹ́ ẹbí ọ̀kan nínú wọn ńkọ́?" Wọ́n pariwo lórí fóònù. Wọ́n ní ohun tí àwọn wá títí nìyẹn tí àwọn kò rí. Wọ́n ní bí àwọn bá rí ẹyọ kan péré, ìwé àwọn ì bá wúlò ju báyìí lọ, nítorí à bá mọ ibi tí òfin tó dára tó bẹ́ẹ̀ ti máa ń yẹ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sunkún. Mo rò pé mo ń dáàbò bo iṣẹ́ wọn. Ohun tó dára jù níbẹ̀ ni mo jí.

Mo wá fi ìbéèrè wọn bi ara mi. Ta ni ì bá ti dènà rẹ̀ pẹ̀lú wàhálà tó kéré jù? Làmídì ti ṣe tiẹ̀. Bàbá mi ní àbúrò níwájú. Èmi ni. Gbólóhùn kan ni ì bá ná mi.

Làmídì ń fi orí ru ẹrù báyìí lẹ́bàá ọ̀nà Ketu. Bó bá rí mi, ó máa ń kí mi: "Lọ́yà, ẹ kú àárọ̀." Ó mọ̀ pé mo dákẹ́. Kò mọ̀ pé mo sọ̀rọ̀, nítorí èdè tí kò gbọ́ ni mo fi bà á lórúkọ jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, mo ti pinnu pé màá sọ fún Aunty Ufuoma kí ìwé náà tó jáde. Wọ́n á bínú, ṣùgbọ́n wọ́n á tún un kọ, mo mọ̀ wọ́n. Ìyẹn kọ́ ló ń dẹ́rù bà mí mọ́. Bàbá mi ti darúgbó, orúkọ wọn nínú ọjà nìkan ló kù tí wọ́n fi ń yangàn. Ṣùgbọ́n aláàárù kì í ka ìwé yunifásítì, àwọn ìyá ìlà wa náà kì í kà á. Iwájú wọn ni wọ́n ti dá Làmídì lẹ́bi. Ẹ dákun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bàbá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé mo lè tún orúkọ rẹ̀ ṣe nínú ìwé, kí n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ọjà?