Ẹ̀gbà Ọwọ́ Tí Ó Ní Bàbá Àgbà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ ẹni parun. Láyé ìjọba ológun, obìnrin kan fa bàbá alágbẹ̀dẹ fàdákà kan, tí ojú rẹ̀ ti fọ́, wọ mọ́tò Òkukù. Bàbá kò fi ọwọ́ obìnrin náà sílẹ̀ mọ́; ó ń fi ìka tọ ẹ̀gbà fàdákà tó wà níbẹ̀ yí ká.

"Ọmọ mi, ta ló ṣe ẹ̀gbà yìí?"

"Obìnrin kan ní Inísà ni, Bàbá. Ó ní ọkùnrin kan ní Ìbà ló kọ́ òun."

"Ọmọọṣẹ́ mi nìyẹn! Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó máa fi fàdákà kékeré tó rí bí ewé bo ojú ibi tó bá fi iná so pọ̀. Ewé náà ni ọwọ́ mi bà yìí. Mo rò pé iṣẹ́ mi ti bá ojú mi lọ. Àṣé ó ti bí ọmọ-ọmọ!"

"Ẹ rọra o, Bàbá! Ẹ̀gbà ni ọmọ-ọmọ yín, kì í ṣe ọwọ́ tèmi tí ẹ ń fún pọ̀!"

Ẹ̀yin òǹkàwé, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ohun tí ẹ kọ́ ẹlòmíràn dé ibi tí ojú yín kò dé.