Igun Gíláàsì Bọ̀dá Justin

"Ta ló ṣẹ́ igun gíláàsì mi?"

Bọ̀dá Justin ni wọ́n béèrè bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Missouri City, ní Texas, lọ́jọ́ Àìkú. Èmi Ládépọ̀ jókòó síwájú, mo ń wo ọmọ-ìka ẹsẹ̀ mi bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ìdáhùn sí. Mo fi òtítọ́ náà pamọ́ títí di Ọjọ́rú. Ẹ jẹ́ kí n tú u sílẹ̀ fún ẹ̀yin náà báyìí: èmi ni.

Igbó kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, àgbà igbó, níbi tí àwa Aládùúrà ti máa ń gbàdúrà. Àwọn kan rà á, wọ́n fẹ́ gé e lulẹ̀ kí wọ́n lè kọ́ apartment, ilé àwọn ayálégbé, síbẹ̀. Ìjọba county, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, ní bí a bá lè fi hàn pé igi ńlá mẹ́ta àárín rẹ̀ ti wà níbẹ̀ látayébáyé, àwọn ò ní jẹ́ kí wọ́n gé e. Bọ̀dá Justin, aládùúgbò wa, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, bá gbé gíláàsì kan jáde. Bàbá tó bí bàbá àgbà wọn ló ń ya fọ́tò ládùúgbò yìí, nígbà tí fíìmù kò tíì délé dóko, tó jẹ́ pé orí gíláàsì ni wọ́n ń ya fọ́tò sí. Bí o bá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, wàá rí igi mẹ́ta, wàá sì rí kànga oníbíríkì kan ní igun rẹ̀ nísàlẹ̀.

"Ládépọ̀, ìwọ lo kàwé," ni Màmá Ọmọ́yẹni, olórí àwọn obìnrin ìjọ, wí fún mi. "Lọ bá wa wá ibi tí wọ́n dúró sí tí wọ́n fi yà á."

Bí mo bá ti gbọ́ àlọ́, oorun mi ti tán nìyẹn. Mo wọ igbó lọ. Mo rí igi mẹ́ta. Mo rí àwókù kànga. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni kànga wà nínú fọ́tò, ọwọ́ ọ̀tún ló wà nínú igbó. Bí mo bá yí lọ sẹ́yìn igi, ó di ọwọ́ òsì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn igi ló bọ́ sí, bẹ́ẹ̀ iwájú igi ló wà nínú fọ́tò. Ẹ̀fọn jẹ mí bí ẹni pé mo pè wọ́n síbi àsè. Inú bí mi sí igi, ó bí mi sí kànga, ó bí mi sí òkú ẹni tó ya fọ́tò. Mo gbà pé igbó mìíràn ni. Síbẹ̀, ibikíbi tí mo bá yà sí, "Bọ̀dá Ládépọ̀, ṣé ẹ ti rí i?"

Ọ̀rẹ́ mi Tájù ló wà lọ́dọ̀ mi nínú yàrá tí a ti ń bọ́ bàtà kí a tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Guy, why you dey wound yourself? Comot that well jare. Three trees na three trees."

Mi ò di ẹ̀bi rù ú. Ẹnu ló fi sọ ọ́, ọwọ́ mi ló ṣe é. Mo gbé igun gíláàsì náà lé etí tábìlì, mo tẹ̀ ẹ́. Kò dún ju ẹ̀pà tí èèyàn pa lọ. Ohun tí ìran mẹ́rin tọ́jú tí kò fọ́, èmi ọ̀mọ̀wé ni mo wá fọ́ ọ. Mo ju igun náà sínú ike ìdọ̀tí, mo pinnu pé bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, màá ní bí mo ṣe bá a nìyẹn, mo sì kéde pé mo ti rí ibẹ̀.

Ẹ wá wo ọgbọ́n mi. Obìnrin tó ń gbọ́ ẹjọ́ ní county wo fọ́tò náà, ó ní, "Igi mẹ́ta. Texas kún fún igi mẹ́ta. Àmì wo ló wà níbẹ̀?"

Bọ̀dá Justin ní, "Kànga wà níbẹ̀. Bàbá mi máa ń fi hàn mí." Wọ́n na ìka sí igun. Igun ò sí. Obìnrin náà ní ká mú ẹ̀rí wá lọ́jọ́bọ̀, tàbí kí katakata tó ń wó igi wọ inú igbó.

Nígbà tó di ìpàdé Ọjọ́rú, mo dìde, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún Bọ̀dá Justin. Wọ́n fà mí dìde.

"Ká ní o sọ fún mi pé kò bára mu," ni wọ́n wí, "kí lo rò pé màá ṣe? Màá ní kó o jókòó ká jẹun, ká tún un wò ni."

Mo wá kọjú sí ìjọ, mo ní ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kàwé bíi tèmi, bí àlọ́ bá kọ̀ tí kò já, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ má gé e kó lè bá yín mu.

Bí mo ṣe ń sọ èyí lọ́wọ́ ni Màmá Ọmọ́yẹni ní, "Ṣé gíláàsì tó wà lójú fèrèsé yẹn kọ́?"

Gbogbo wa yíjú. Igun gíláàsì náà fẹ̀yìn ti fèrèsé láàárín àbẹ́là, níwájú pẹpẹ tí gbogbo ìjọ ti ń kọjú sí.

"Inú ìdọ̀tí ni mo ti rí i," ni Màmá wí. "Níbi tí a kì í ti í wọ bàtà, ṣé inú ọ̀rá tó lè ya ni ó yẹ kí gíláàsì wà? Mo gbé e síbẹ̀ kí ẹni tó ni ín lè rí i mú."

Mo súnmọ́ ọn. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Kànga náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí Màmá ṣe gbé e dúró, igun ọwọ́ ọ̀tún ló jẹ́. Mo gba gíláàsì tó kù lọ́wọ́ Bọ̀dá Justin, mo fẹ́ pa wọ́n pọ̀, wọn ò wọ ara wọn. Ìgbà tí mo yí ẹ̀yìn ti Bọ̀dá Justin síwájú ni wọ́n tó wọnú ara wọn: igi mẹ́ta, kànga lọ́wọ́ ọ̀tún, níwájú igi, bó ṣe wà nínú igbó gẹ́lẹ́.

Ẹ̀yìn gíláàsì ni mo ti ń wò látọjọ́ yìí, tí ọ̀tún fi ń di òsì lójú mi.