Kẹ́tù Kò Mọwọ́ Mẹsẹ̀

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Bàbá Wáyà kò tiẹ̀ tó ogún. Ọdún mọ́kànlá péré ni, ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì gan-an ni òtítọ́ sì bá a. Òun ló ń tọ́jú wáyà àti ẹ̀rọ tó so kọ̀ǹpútà pọ̀ nílé ìtẹ̀wé kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, gbogbo òṣìṣẹ́ jókòó sí gbọ̀ngàn òkè, bisikíìtì wà níwájú wọn, ọ̀gá sì ń ròyìn bí ọkùnrin yìí ṣe gbà wọ́n sílẹ̀ lọ́jọ́ tí gbogbo kọ̀ǹpútà dákú lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Bàbá Wáyà dìde, ó yọ ìwé kan lápò, ó wo obìnrin tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Àǹtí Oníkẹ́tù ni wọ́n ń pe obìnrin náà, òun sì ni olórí àwọn tó ń yẹ ìwé wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

“Ẹ má pàtẹ́wọ́ mọ́,” ó ní. “Mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí délé. Èmi tí ẹ ń gbé gẹ̀gẹ̀ yìí, èmi gan-an ni mo da ilé rú lọ́jọ́ náà.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé rẹ̀. “Ẹ̀rọ mẹ́ta tí à ń pè ní súwíìṣì ló so kọ̀ǹpútà wa pọ̀, wáyà sì so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ méjì yòókù, kí ọ̀nà mìíràn lè wà bí ọ̀kan bá já. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó yípo léwu. Ìkéde tí kọ̀ǹpútà kan bá fi ránṣẹ́ sí gbogbo yòókù á máa yí ká, á máa bí sí i, kò ní mọ ibi tí yóò dúró. Ìdí nìyẹn tí ìlànà tó ń jẹ́ Rápíìdì Sípáníngì Tírì fi wà nínú wọn. Ó ń sọ ọ̀nà wọn di igi, nítorí ẹ̀ka igi kì í yí padà wá so mọ́ra wọn. Àwọn súwíìṣì á yan ọ̀kan nínú wọn ṣe gbòǹgbò, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù ló sì ń jọba. Olúkúlùkù á mú ọ̀nà tó yá jù dé ọ̀dọ̀ ọba, wọ́n á ti ọ̀nà tó kù. Kí ọ̀kan tó ṣí ọ̀nà, á bi aládùúgbò rẹ̀ pé, ‘Ṣé kí n ṣí i?’ Aládùúgbò á kọ́kọ́ ti àwọn ẹ̀ka tirẹ̀ ná, kó tó ní, ‘Ó yá.’ Bí wáyà bá já, ọ̀nà tí wọ́n tì á ṣí kí èèyàn tó ṣẹ́jú.”

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká dé ibi tó dùn,” ọ̀gá ní, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

“Kò dùn, sà. Mo rí ọ̀nà tí wọ́n tì, mo ní ọ̀lẹ ni. Mo rò pé bí méjèèjì bá ṣí, iṣẹ́ á yá sí i. Ọ̀kánjúà ni. Mo pa ìlànà náà lórí súwíìṣì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò bi ẹnì kankan. Kí n tó gbọ́wọ́ kúrò, gbogbo iná ẹ̀rọ ń ṣẹ́jú bí ojú tí ata kó sí. Iṣẹ́ dúró ní gbogbo ilé. Mo fa wáyà kan yọ, ọ̀nà kò yípo mọ́, gbogbo nǹkan padà sípò. Èyí ṣì kéré. Nígbà tí ọ̀gá àtijọ́ bi mí pé kí ló fà á, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo rí kẹ́tù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù súwíìṣì. Mo ní, ‘Kẹ́tù yẹn ni, sà, ó fa iná jù.’ Àǹtí yìí ló ń se tíì fún wa nígbà náà. Ó ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò tíì tàn án.’ Èmi àgbàyà, mo dákẹ́. Wọ́n lé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó ìwé tó bàjẹ́ sí lẹ́nu géètì. Orúkọ tí ẹ ń pè é yẹn, irọ́ mi ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá rí ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì, ẹ bèèrè ìdí kí ẹ tó ṣí i. Àǹtí, ẹ dákun, ẹ dárí ẹ̀ṣẹ̀ mi jì mí.”

Obìnrin náà na ọwọ́, ó gba ìwé náà, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, bàbá sì rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ó dùn mí gan-an. Odidi ọdún méjì ni mi ò fi kí yín dáadáa.”

“Mo ṣe bí ìtìjú ló ń ṣe yín ni.”

“Ìbínú ni. Ṣùgbọ́n nínú yàrá yẹn ni mo ti ń ka ìwé tí wọ́n tẹ̀ bàjẹ́, títí mo fi ń mọ àṣìṣe ju àwọn tó kọ ọ́ lọ. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti wá mú mi wá sókè. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀bẹ̀ yìí, mi ò lè gbà á.”

“Kí ló ṣe é?” bàbá bi í.

“Ohun tí ẹ kọ síbí ni pé kí n dárí ẹsẹ̀ yín jì yín. Kí ni ẹsẹ̀ yín ṣe fún mi?”

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, ọ̀gá di ikùn mú. Obìnrin náà mú bíírò, ó fi àmì sórí lẹ́tà àkọ́kọ́, ó tún fi ọ̀kan sábẹ́ èkejì, ẹsẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun ti dárí ẹ̀ṣẹ̀ náà jì í, ó dá ìwé náà padà. Bàbá Wáyà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, omi ojú ayọ̀ kò jẹ́ kó rí i kà.

“Ẹ̀ṣẹ̀ yẹn ti lọ,” obìnrin náà ní. “Ẹsẹ̀ yín ní tiẹ̀, ẹ máa gbé e wá kí wa.”