Ìyá Ìbejì Wo Ni Mo Fún Lábẹ́rẹ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Nọ́ọ̀sì ni mí. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n ń retí mi níbi iṣẹ́ tuntun kan l'Ókukù, irú ibi tí mo ti ń gbàdúrà fún. Síbẹ̀, tí mo bá lọ aṣọ iṣẹ́ mi tán, màá tún jókòó tì í. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Màmá mi kọ́, torí ọwọ́ wọn wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Kútọnu ni mo ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá kọ́ ọ lẹ́yìn odi, tó bá padà dé, ó ní láti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ àgbà nọ́ọ̀sì kan, kí onítọ̀hún fọwọ́ sí i pé ó mọṣẹ́, kó tó lè gba ìwé àṣẹ. Mo wá iṣẹ́ títí, bàtà mi jẹ. Àwọn kan ní Faransé ni mo kọ́, àwọn ò lè fi ẹ̀mí èèyàn lé mi lọ́wọ́. Nígbà tó sú wa ni màmá mi, tí wọ́n ń ṣe tíṣà n'Ínísà, lọ kúnlẹ̀ fún ìyá kan tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Métírọ̀n, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ni ìyá náà ní ilé ìwòsàn aládàáni kan n'Íkìrun. Màmá mi ní, "Ẹ gbà á bí ọmọ yín, Mà. Tó bá ṣe ohun tí ò dáa, ẹ nà án." Métírọ̀n sì gbà mí.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní Kútọnu ni pé ká tó fún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́, ká ní kó fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ. Lọ́sẹ̀ tí mo dé, mo béèrè orúkọ lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan, ni ọmọ wọn bá dìde sí mi: "Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni ìyá mi ni?" Métírọ̀n ní kí n kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé níbí, a kì í pe àgbà lórúkọ. Ìyá Súlè ni, Ìyá Fúnkẹ́ ni, bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n nílé náà la ó máa pè wọ́n ní wọ́ọ̀dù. Mo gbà. Kí ni mo fẹ́ wí?

Àfi ọjọ́ tí Ìyá Ìbejì di méjì. Ọ̀kan jẹ́ ará Ìkìrun, èkejì wá láti Ìgbayè. Métírọ̀n ń kọjá lọ, wọ́n ní, "Fún Ìyá Ìbejì ní abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà wọn." Mo ní, "Èwo nínú wọn, Mà?" Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ṣé Yorùbá náà ti di Faransé sí ẹ létí ni?" Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi béèrè, wọ́n fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Fáìlì wọn wà ní ọ́fíìsì métírọ̀n, mi ò láyà àtikan ilẹ̀kùn yẹn. Mi ò sì fẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni tún dìde sí mi. Mo wo àwọn méjèèjì, ìyá Ìgbayè ló sanra, mo ní òun nìyẹn, mo gún un.

Àṣé ìyá Ìkìrun ló ní ìtọ̀ ṣúgà; ibà lásán ló gbé ìyá Ìgbayè wá, abẹ́rẹ́ náà sì fa ṣúgà ara wọn wálẹ̀ jù. Kò pẹ́ tí òógùn fi bò wọ́n, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n ń sọ ìsọkúsọ. Mo mọ ohun tí mo ṣe lójú ẹsẹ̀. Mo sáré fa omi ṣúgà sí wọn lára, mò ń sunkún, mò ń pe Jésù, títí ojú wọn fi là. Métírọ̀n fà mí wọ ọ́fíìsì, wọ́n ti ilẹ̀kùn. "Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí, inú ilé yìí ló ń kú sí. Tí o bá lanu, ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé ẹ? Sì rántí màmá ẹ." Wọ́n jáde lọ sọ fún àwọn ọmọ pé ibà ló gun ìyá wọn lórí, èmi ni mo gbà wọ́n là. Àwọn ọmọ yẹn gbé ọsàn àti iṣu wá fún mi. Ẹ wo àdúrà tí wọ́n ń ṣe sí mi lórí. Mi ò lè fẹnu kan ọsàn náà.

Ni mo bá ń wá ibòmíràn. Bí mo ṣe dé Òkukù nìyẹn, ní ilé ìwòsàn kékeré kan. Àgbà nọ́ọ̀sì ibẹ̀ fún mi lómi, wọ́n ní kí n jókòó. A ṣì ń sọ̀rọ̀ tí ọmọbìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ibẹ̀ fi wọlé, ó ní òun ti ṣe àṣìṣe, oògùn ẹlòmíì lòun fẹ́ gbé fún aláìsàn kan. Mò ń retí ìgbájú. Wọ́n ní, "O ṣé tó o tètè sọ. Jẹ́ ká lọ wò ó." Omi bọ́ lójú mi. Ibi tí wọ́n ń béèrè nǹkan láìsí èébú wà lóòótọ́! Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n bi mí pé, "Ọmọ mi, kí ló lé ẹ kúrò n'Íkìrun?" Mo ní ọ̀nà ló jìn sílé wa n'Ínísà. Wọ́n mi orí. "Ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń bẹ àwọn ọmọ mi. Ẹ má parọ́ fún mi lórí ọ̀rọ̀ aláìsàn." Mo sì ti pa á tán.

Bí mo bá sọ òótọ́, bóyá àgbà nọ́ọ̀sì Òkukù á lé mi. Métírọ̀n ò ní fọwọ́ síwèé pé mo ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, màmá mi ò sì ní lè gbójú sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Bí mo bá dákẹ́, irọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní ibi rere kan ṣoṣo tí mo rí, bẹ́ẹ̀ bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ ọ̀gá rí, ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó tó di ọjọ́ Ajé. Àná ni Ìyá Ìbejì tún ránṣẹ́ sí mi láti Ìgbayè. Ọmọ wọn bímọ obìnrin, wọ́n ní kí n wá síbi ìsọmọlórúkọ, torí orúkọ mi ni wọ́n fẹ́ sọ ọmọ náà.